Àṣírí Ta Ni À Ń Bò?

Àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn tó pọn ọmọ náà bá fi ìborùn bò ó pátápátá ńkọ́? Báwo ni àgbà ọjà yóò ṣe mọ̀ pé orí ọmọ ti wọ́? Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí àwa fúnra wa, a sì bẹ̀ yín kí ẹ fara balẹ̀ bá wa yẹ̀ ẹ́ wò.

Àrùn tí Yorùbá ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Hóró pupa inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí róbótó ni yóò tẹ̀ bí dòjé, tí yóò máa há sínú iṣan. Ibi tó bá há sí ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀. Àjogúnbá ni, kì í ràn. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ni ó jẹ́ AS, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 150,000 ọmọ ni à ń bí pẹ̀lú àrùn yìí lọ́dọọdún. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ayé. S pọ̀ láàárín wa nítorí pé ibà líle kì í sábà pa ọmọdé tó jẹ́ AS bí ó ṣe ń pa àwọn yòókù. Ohun tó gba ẹlòmíràn là ni ó ń fi ìyà jẹ ẹlòmíràn.

Nígbà tí àwa méjèèjì ṣe ìgbéyàwó ní 1995, ẹnikẹ́ni kò bi wá léèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí a ní. AS ni wá, a kò mọ̀. Ọdún kejì ni a bí ọmọbìnrin wa. Nígbà tó pé oṣù méje ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, tó ń ké tọ̀sán-tòru, kí wọ́n tó sọ fún wa ní ilé ìwòsàn pé SS ni. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bò ó. Bó bá pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ, a ó ní ibà ni. Bí kò bá lè wá sí ayẹyẹ ẹgbẹ́, a ó ní ó lọ kí àbúrò wa. À ń rò pé a ń ṣọ́ iyì ọmọ wa.

Ó dàgbà, ó kàwé, ó rí ọkọ. Kí ìfẹ́ wọn tó jinlẹ̀ ló ti sọ òótọ́ fún ọkùnrin náà, wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ ọkọ wò ní láàbù méjì. AA ni. Èyí já sí pé ọmọ wọn kò lè jẹ́ SS. AS ni yóò jẹ́. Ewu tó kù, ti ìyá ni. Dókítà kò fi ọ̀rọ̀ bò fún un: aboyún tó jẹ́ SS máa ń ní àìtó ẹ̀jẹ̀, ìrora eegun lè le sí i, ẹ̀jẹ̀ ríru lè dé, ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan, ọmọ inú sì lè má dàgbà tó. Ó ní kí ó dá oògùn hydroxyurea dúró kí ó tó lóyún. Nígbà tó lóyún, ó ń lo folic acid àti oògùn ibà lójoojúmọ́, wọ́n fi aspirin kékeré kún un, ó ń mu omi púpọ̀, ó sì ń lọ fún àyẹ̀wò léraléra.

Ọkọ mọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àna wa ní Òṣogbo kò mọ̀, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́ náà kò mọ̀. Ọmọ wa bẹ̀ wá, ó ní, “Dádì, Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n sọ fún wọn. Ara mi ni.” A ní kó ní sùúrù títí yóò fi bímọ. A kò fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ sọ pé a fi aláìsàn fún ọmọ òun.

Ní 2021, nígbà tí oyún náà wọ oṣù keje, ìrora dé lóru, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì já wálẹ̀. Wọ́n ní páìntì mẹ́ta ni àwọn nílò, ẹyọ kan péré ló wà nílẹ̀ nínú irú tirẹ̀. A na apá wa. Wọ́n ní rárá, AS ni wá, àwọn kì í fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ AS sára ẹni tó jẹ́ SS. Àwa tí a fún un ní àrùn náà kò lè fún un ní ẹ̀jẹ̀. Ti ọkọ rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Àwọn ẹbí wà ní ilé, ṣùgbọ́n ẹ rántí bí ọ̀nà Kàdúná ṣe rí lọ́dún náà; ta ni yóò gbà á lóru?

Agogo márùn-ún àárọ̀ ni a pe alága ẹgbẹ́ wa, tí a sì sọ ohun tí a ti fi pamọ́ fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Kí agogo mẹ́sàn-án tó lù, ènìyàn mọ́kànlá ti dúró ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí wọ́n yẹ̀ wọ́n wò tán, ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́rin ló ṣe é lò. Ìyá kan nínú wọn wò wá lójú, ó ní, “Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin màmá, oṣooṣù ni à ń jọ jókòó. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?” A kò rí èsì fún un.

Ọkọ ọmọ wa pe ìyá rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí màmá náà gbọ́ tán, ó ní kí wọ́n fún wa ní fóònù. Ó ní, “Àbúrò mi kan kú nígbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Àbíkú la pè é nígbà náà. Ṣé ẹ rò pé èmi ni mo máa kọ ìyàwó mi?” Ẹkún la sun.

Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi gbé ọmọ náà jáde nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ mẹ́tàdínlógójì. Ọkùnrin ni. AS ni. Ìyá rẹ̀ wà láàyè. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ń rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ti bi wá pé, ṣé ó yẹ kó lóyún rárá? Ó ti dàgbà, ó mọ ewu náà ju gbogbo wa lọ, ara rẹ̀ ni yóò sì rù ú. Ẹni tó ń rẹrù ló mọ bí ó ti wúwo tó. Ó sì dára kí ìbéèrè irú èyí wáyé kí oyún tó dé, láàárín tọkọtaya àti dókítà wọn. Bí oyún bá ti dé, bíbéèrè pé ta ló fà á dà bí ká fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tó kù ni pé kí a dín ewu náà kù.

Ìbéèrè tí a kò tíì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ti àṣírí. A ti wá rí i pé oríṣi méjì ni. Ọ̀kan wà tó jẹ́ ti ẹni tó ń ṣàìsàn: bí òun bá ní kí a bò ó, ẹ jẹ́ kí a bò ó, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ẹnu rẹ̀ sọ ọ́. Èkejì ni èyí tí ẹbí ń bò nítorí ojú ara wọn. Bí a bá fẹ́ mọ ìyàtọ̀, kí a bi ara wa pé: ta ni yóò jẹ èrè rẹ̀, ta ni yóò sì san gbèsè rẹ̀? Ọmọ wa fẹ́ sọ̀rọ̀, àwa la pa á lẹ́nu mọ́. Iyì tiwa là ń ṣọ́, òun ló ń san gbèsè. Bó bá kú lóru ọjọ́ náà, a ò bá sọ pé fòníkú-fọ̀ladìde ló pa á. A ò bá má sọ pé ìtìjú wa wà níbẹ̀.

Nítorí náà, a bẹ ẹgbẹ́ wa: kí akọ̀wé ní ìwé kan tí a ó kọ irú ẹ̀jẹ̀ àwọn tó bá fẹ́ fi sílẹ̀ sí, kí a lè mọ ẹni tí a ó pè lóru. Kí ẹ̀yin òbí jẹ́ kí àwọn ọmọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí ìfẹ́ tó wọ̀ wọ́n lára. Kí àwa tí a bá gbọ́ àṣírí ẹlòmíràn má sì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ níbi ìnáwó. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ahọ́n wa kò ní ké sí wa.

Ilẹ̀ àjò là ń gbé. Ẹni tó bá sún mọ́ ni ni ẹbí ẹni. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a pe ara wa lásán, kí ó má sì jẹ́ kí orí ọmọ tuntun wọ́ lójú wa. Àṣẹ.