Gbèsè Tí A Jẹ Ọ̀rọ̀ Rere

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ fi sí iwájú yín ní ọ̀sẹ̀ yìí jọ ọ̀rọ̀ kékeré, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá rò ó dáadáa yóò rí i pé ó tóbi. Ìbéèrè náà ni èyí: nígbà tí ẹnì kan bá sọ ohun tí ó dára láàárín ẹgbẹ́, ǹjẹ́ ó jẹ́ ojúṣe àwa tí a gbọ́ ọ láti fi àmì sí i kí àwọn ẹlòmíràn lè rí i? Tàbí ó tọ́ kí a gbọ́ ọ, kí a jẹ àǹfààní rẹ̀, kí a sì máa bá tiwa lọ?

Kò sí ẹni tí kò mọ ohun tí ó fa ìbéèrè yìí. Lóde òní, ìjọ, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ọlọ́jà àti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì kan náà, gbogbo wọn ni ó ní ibi ìpàdé lórí WhatsApp. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkíni àti àdúrà tí a kó wá láti ibòmíràn ti kún ibẹ̀. Bí arábìnrin kan bá kọ ọ́ pé ilé ìwòsàn kan ń yẹ ojú àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tàbí bí arákùnrin kan bá ṣàlàyé bí ẹni tí ó fẹ́ fẹ̀yìn tì yóò ti ṣe ìwé rẹ̀ kí owó rẹ̀ má baà há, kí ó tó di ọ̀sán, ìhìn mìíràn ti bo ti wọn mọ́lẹ̀. Ìyá àgbà tí ojú ń dùn kò ní rí i. Ẹni tí ó ku oṣù mẹ́ta kí ó fẹ̀yìn tì kò ní rí i. Ọ̀rọ̀ rere náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni pé a kò sọ ọ́ rárá ni.

Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà mọ ìṣòro yìí, wọ́n sì fún wa ní àmì oríṣiríṣi. A lè fi ìràwọ̀ sí ìhìn kan kí àwa fúnra wa lè tún un rí lọ́jọ́ mìíràn. A lè kàn án mọ́ òkè fún wákàtí 24, fún ọjọ́ 7 tàbí fún ọjọ́ 30, kí gbogbo ẹgbẹ́ lè máa rí i. Láti ọdún 2022 ni a ti lè fi àwòrán àtàǹpàkò tàbí ti ọkàn pupa sí ìhìn tí ó dùn mọ́ wa. Bí ìhìn bá sì burú, ọ̀nà wà láti fi í sùn. Nítorí náà, kì í ṣe ohun èlò ni ó kù. Ìwà ẹni tí ohun èlò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní pe ọ̀rọ̀ yìí ní tuntun. Nígbà tí fáìlì tí ó nípọn bá ń gòkè lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá, akọ̀wé tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a máa há ègé pépà kékeré mọ́ ojú ìwé tí ọ̀rọ̀ gan-an wà, a sì kọ lẹ́tà A tàbí B sí i, kí ọ̀gá má baà máa ṣí igba ojú ìwé kiri. Bí ó bá há pépà mọ́ gbogbo ojú ìwé, kò ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Bí ó bá sì há a mọ́ ojú ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kò kà, ó ti ṣi ọ̀gá lọ́nà, orúkọ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ ohun tí ó kọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí lọ́jà. Oníbàárà béèrè ohun tí kò sí lórí àtẹ yín, ẹ sì wí fún un pé, “Lọ sí ìsọ̀ màmá tí ó wà níwájú yẹn, ojúlówó ni tiwọn.” Bí ọjà náà bá bàjẹ́, ọ̀dọ̀ yín ni oníbàárà yóò kọ́kọ́ padà sí. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tí ó fi àmì sí ohun kan ti jẹ́rìí sí i, ó sì ti ṣe onídùúró fún un. Gbogbo ohun tí a óò sọ lónìí, orí èyí ni ó dúró lé.

Àwọn kan yóò wí pé ohun tí ó dára kò nílò onídùúró. Wọn yóò rán wa létí ohun tí àwọn àgbà wí, pé ọjà tí ó dára ní ń ta ara rẹ̀. Òótọ́ wà nínú òwe náà, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń ṣe àlejò lórí rẹ̀ yìí.

Àwọn Gbagyi ni wọ́n ni Ushafa, gbogbo wa ni a sì mọ bí àwọn obìnrin wọn ti mọ iṣẹ́ ìkòkò tó. Nínú ẹ̀yà yìí kan náà ni a ti rí Ladi Kwali, ọmọ Kwali, ìlú tí ó wà lábẹ́ Olú-Ìlú Ìjọba Àpapọ̀ nísinsin yìí. Láti kékeré ni ó ti kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni ó fi ń mọ ọ́n, a sì máa fín àwòrán alángbá àti àkekèé sí ara ìkòkò omi. Ẹ́míà Abuja, Suleiman Barau, ra nínú àwọn ìkòkò náà, ó sì gbé wọn sí ààfin rẹ̀ ní ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ibẹ̀ ni Michael Cardew, amọ̀kòkò ará Gẹ̀ẹ́sì tí ìjọba gbà síṣẹ́, ti rí wọn ní ọdún 1950. Nígbà tí Cardew dá ilé iṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ ní ìlú náà, Ladi Kwali wọ ibẹ̀ ní ọdún 1954, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí a fi ń pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọdún 1962 ni a fún un ní oyè MBE, ọdún 1977 sì ni Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé. Ó kú ní ọdún 1984. Ẹ yẹ ẹ̀yìn owó náírà 20 wò, ẹ ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò rẹ̀.

Ǹjẹ́ ìkòkò náà ta ara rẹ̀ bí? Lọ́wọ́ àwọn tí ń pọn omi, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbé e dé iwájú ẹni tí ó wá láti òkèèrè ni pé ẹnì kan ti rà á, ó sì gbé e sí ibi tí ojú yóò ti tó o. Kì í ṣe Ẹ́míà ni ó sọ ìkòkò náà di rere. Rere ni ó ti jẹ́ kí ó tó wọ ààfin. Ohun tí Ẹ́míà ṣe ni pé ó jẹ́rìí, ẹ̀rí náà sì ná an ní nǹkan, nítorí bí ìkòkò náà kò bá dára, ààfin tirẹ̀ ni àlejò yóò fi ṣe ẹlẹ́yà. A tún gbọdọ̀ rántí pé àwọn obìnrin mìíràn wà ní Kwali àti ní Ushafa níhìn-ín tí wọ́n mọ ìkòkò, tí kò sí ẹni tí ó gbé tiwọn sí ààfin, tí owó náírà kò sì mọ orúkọ wọn. Èyí kò fi hàn pé iṣẹ́ wọn kò dára. Ó fi hàn pé ibi tí ojú ẹlẹ́rìí kò bá dé, rere a máa wà níbẹ̀ láìní orúkọ.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá gidigidi, nítorí ojú ènìyàn a máa tètè yà sí ibi tí ọlá wà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2000, Ààrẹ Bill Clinton ti Amẹ́ríkà wá sí Ushafa, orúkọ ìlú kékeré yìí sì kàn káàkiri ayé. Ìbẹ̀wò náà dára, inú àwọn ará ìlú sì dùn. Ṣùgbọ́n Ushafa ti wà pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ wọn kí ọlọ́lá tó na ìka sí i. Kò yẹ kí a máa dúró de ọlọ́lá kí a tó mọ ohun rere tí ó wà níwájú wa. Jákọ́bù kìlọ̀ fún ìjọ nínú ìwé rẹ̀, níbi tí ó ti sọ̀rọ̀ ọkùnrin olórùka wúrà tí a fún ní ìjókòó rere, àti tálákà tí a ní kí ó dúró tàbí kí ó jókòó sílẹ̀. Ohun kan náà ni a ń rí lórí fóònù. Olóyè kan kọ “Ẹ káàárọ̀,” ogójì àtàǹpàkò sì bo ó. Ọmọ iṣẹ́ kan kọ ọ́ pé wáyà iná ti já sí ẹ̀bá ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sí ilé ìwé, kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Irú àmì bẹ́ẹ̀, ipò ni a fi í sí lára. A kò fi í sí ọ̀rọ̀.

Ewu kejì ni ká rò pé ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé sókè, òtítọ́ ni. Ní oṣù keje ọdún 2014 ni àrùn Ebola wọ Èkó. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ìhìn kan ń ti fóònù dé fóònù pé kí a fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí a sì mu ún. Ìyá pe ọmọ, ẹ̀gbọ́n jí àbúrò lójú oorun. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ṣe é. Ní oṣù yẹn kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kìlọ̀ pé omi iyọ̀ kì í ṣe oògùn, ó sì mẹ́nu ba ìròyìn pé ènìyàn méjì ti kú ní Nàìjíríà nípa mímu ún. Kì í ṣe ọ̀tá ni ó fi ìhìn náà ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn. Ẹni tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé ni. Gbogbo ẹni tí ó tari rẹ̀ síwájú ti ṣe onídùúró fún un, bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀. Nígbà tí ó yá, WhatsApp fi ọfà méjì sí ìhìn tí ó ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá, ní oṣù kẹrin ọdún 2020 ó sì dín in kù débi pé ibi kan ṣoṣo ni a lè tari irú rẹ̀ sí lẹ́ẹ̀kan. Ọfà méjì náà kò sọ ju pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbé e. Kò sọ pé ẹnikẹ́ni yẹ̀ ẹ́ wò.

Kí ni a óò wá ṣe sí ìhìn tí ó burú? Òfin kan náà ni. Fífi sùn pẹ̀lú jẹ́ ẹ̀rí, kò sì yẹ kí ènìyàn fi í gbẹ̀san gbèsè tàbí ìjà àdúgbò. Bí ó bá jẹ́ àgbà ni ó fi ìhìn náà ránṣẹ́, Olúwa wa ti fi ọ̀nà hàn wá nínú Ìhìn Rere Mátíù, pé ọ̀dọ̀ ẹni náà nìkan ni kí a kọ́kọ́ lọ. Kí a pe àgbà náà pé, “Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ lówùúrọ̀, àwọn dókítà ní kò rí bẹ́ẹ̀.” Ọ̀pọ̀ àgbà yóò dúpẹ́, wọn yóò sì fúnra wọn yọ ọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n bí ohun náà bá lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ tó mọ́, dídákẹ́ kì í ṣe ọ̀wọ̀. Kí a fi ìtẹríba sọ ọ́ ní gbangba.

Àwọn mìíràn bẹ̀rù pé ìyìn a máa mú ènìyàn gbéraga. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe lásán. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa tún ní yíni-yíni kí ẹni ṣe òmíràn. Bí a bá yin orúkọ, a lè ba ènìyàn jẹ́. Bí a bá sọ ohun tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe, pé nípa rẹ̀ ni ìyá báyìí fi rí ìtọ́jú ojú, inú rẹ̀ yóò dùn, yóò sì tún ṣe òmíràn. Wòlíì Málákì sọ ọ́ pé nígbà tí àwọn tí ó bẹ̀rù Olúwa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, Olúwa tẹ́tí sí wọn, a sì kọ ìwé ìrántí nítorí wọn. Bí Ọlọ́run kò bá jẹ́ kí ọ̀rọ̀ rere ọmọ ènìyàn ṣòfò, àwa ta ni tí a óò fi í sílẹ̀ kí ó rì?

Nítorí náà, ìdáhùn wa sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀ ni pé gbèsè ni. A jẹ ẹ́ fún ẹni tí ó sọ̀rọ̀, a sì jẹ ẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tí kò tíì gbọ́. Ẹ jẹ́ kí a san án báyìí: kí a kà á tán kí a tó gbé e sókè. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ kí a kan ìhìn kan mọ́ òkè kọ orúkọ ara rẹ̀ sí i, pẹ̀lú ìdí kan ṣoṣo tí ó fi wúlò. Kí ohun tí a kàn mọ́ òkè má pọ̀, nítorí fáìlì tí ó kún fún pépà kékeré kò yàtọ̀ sí èyí tí kò ní rárá. Kí a sì máa bi ara wa léèrè lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ pé ta ni ó sọ ohun rere láàárín wa tí ojú wa fò dá.

Kí Olúwa fún wa ní ojú tí ń rí rere níbikíbi tí ó bá wà, àti ìgboyà láti jẹ́rìí sí i. Àmín.