Orí, Ìgbàgbọ́ àti Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn
Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn máa ń gba oorun, oúnjẹ àti ìrètí lọ́wọ́ ẹni. Ṣé orí ló kọ̀, àbí ìgbàgbọ́ ló kéré? Ìbéèrè kejì yìí ń dá kún ìnira aláìsàn. Ẹni tí kò lè dìde nílẹ̀ kò ṣẹ Ọlọ́run. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú, bí a ti rí i ní Abẹ́òkúta, níbi tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo ti bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Aro ní 1954. Nínú ètò náà nígbà yẹn, àwọn aláìsàn ọpọlọ àti ìbátan wọn ń gbé láàárín ará abúlé, wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń bá dókítà ṣiṣẹ́. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó ṣiṣẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni àdúrà àti alábàárò wúlò jù.