Ṣé Ká Yin Ọ̀yọ́ Ilé?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ní Ọ̀fíkì níbí, tẹ́ ẹ bá dárúkọ Ọ̀yọ́ Ilé, orí àwọn àgbà á wú. Ó tọ́ kó wú. Ẹṣin Ọ̀yọ́ ló mú kí Dàhòmì máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ọ̀nà là, ọjà kún. Bẹ́ẹ̀ náà làwọn Mongol ṣe lànà fún oníṣòwò, lẹ́yìn tí Genghis Khan ti pa ìlú run.

Ṣùgbọ́n kí ni wọ́n fi ra ẹṣin? Ẹrú wà nínú owó náà. Láyé Aláàfin Abíọ́dún tá à ń yìn, wọ́n ń kó ẹrú lọ sí Àjàṣẹ́ fún òyìnbó. Nígbà tó di 1821, wọ́n kó Òṣoògùn, nítòsí Ìsẹ́yìn, wọ́n sì ta Àjàyí tó padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọmọ Ọ̀yọ́ wà lára àwọn tó kó ìlú náà.

Ẹ lè ní, "Bí ayé ìgbà yẹn ṣe rí nìyẹn." Mo gbà. Àmọ́ ẹni tí wọ́n dè lókùn mọ̀ nígbà yẹn náà pé okùn ń dun òun. Ẹni tó yàgbẹ́ ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Tèmi ni pé ká má sọ oríkì nù. Oríkì tó bá lè ka ẹṣin, ó yẹ kó ka ẹrú náà.