Ṣé Ìbọn Ni, Tàbí Ọwọ́?

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) gba àwọn Sàhábà níyànjú láti kọ́ ọfà títa. Ẹni tó ń fi ìbọn díje lórí pápá kò dẹ́ṣẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí ìbọn ìdíje bá ti péye láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ni ín tún náwó láti pààrọ̀ ọ̀pá rẹ̀ tàbí ohun tí ìka ń fà? Yóò ní iṣẹ́ àṣeyanjú ni Ọlọ́hun fẹ́. Òótọ́ ni. Nínú ìdíje mítà 50, ojú àmì tó ní máàkì 10 kò fẹ̀ ju mílímítà 10.4 lọ.

Kí ó kọ́kọ́ dán an wò. Kí ó de ìbọn náà mọ́ ohun tí kò lè mì, kí ó yìn ín. Lẹ́yìn náà, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yìn ín. Bí ìbọn bá ń fọ́n ọta ká níbi tí a dè é mọ́, kí ó tún un ṣe. Bí ọta bá kó jọ níbẹ̀, tó wá fọ́nká lọ́wọ́ rẹ̀, ọwọ́ ló ń fẹ́ àtúnṣe. Owó tó bá ná sórí ìbọn nígbà náà, ìná-àpà tí Kùránì kọ̀ fún wa ni. Kí ó fi ra ọta, kí ó máa kọ́ṣẹ́.

Àwa náà ńkọ́, tí a ń ra Kùránì tuntun aláràbarà, tí a kò tíì ka ti àkọ́kọ́ parí? Kí Ọlọ́hun fi àléébù ara wa hàn wá. Àmín.