Ọ̀nà Ẹ̀bùrú Kì í Gbé Ilé Ẹbí Ró: Ìkìlọ̀ Ìká Òfún fún Onílé

Ìká Òfún ni odù tòní, ọ̀rọ̀ ilé, ilẹ̀ àti ìsọ̀ ló sì gbé e wá.

Àlàájà kan wá sọ́dọ̀ mi láti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó. Bàbá wọn fi ilé kan sílẹ̀ níbẹ̀, ìyàwó mẹ́rin ló bímọ fún un. Ìsọ̀ wà nísàlẹ̀, ọmọ ẹbí ń gbé lókè. Àlàájà ni àkọ́bí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kan ti lọ bá àwọn tó ń wó ilé àtijọ́ kọ́ tuntun, ó ti buwọ́ lùwé, ó ti gba owó. Wọ́n ti wá fi àgádágodo ti ìsọ̀ opó kan tó ń ta aṣọ níbẹ̀. Lọ́yà ti kọ lẹ́tà.

Àlàájà ní, "Bàbá Awo, kóòtù ni mò ń lọ. Ẹ bá mi di ẹnu lọ́yà wọn. Kó dé iwájú adájọ́, kó máa wò bọ̀ọ̀."

Mo ní kí á kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu Ifá. Ìká Òfún ló yọ.

Ẹ̀yin awo mọ ìtàn náà, àmọ́ nítorí àwọn ọ̀dọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ ní ṣókí. Àwọn àgbà mẹ́rìndínlógún ń lọ sí Ilé-Ifẹ̀, wọ́n bi Ifá bóyá àwọn yóò gbó, bóyá àwọn yóò tọ́. Ifá ní bẹ́ẹ̀ ni, tí wọ́n bá lè pa ìkìlọ̀ mọ́. Nínú ìkìlọ̀ náà, Ifá ní kí wọ́n yéé fi ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, kí wọ́n má sì gba ọ̀pá tí afọ́jú fi ń rìn. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ń lọ, gbogbo ohun tí a ní kí wọ́n má ṣe ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pariwo pé Ọ̀rúnmìlà ló ń pa àwọn. Ọ̀rúnmìlà ní kì í ṣe òun, ìkìlọ̀ tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni.

Ẹ kíyè sí i: àgbà ni Ifá ń bá wí níbẹ̀, kì í ṣe ọmọdé. Nínú ẹbí, ta ló ń buwọ́ lùwé? Àgbà ni.

Ohun tí Ifá pè ní ọ̀nà ẹ̀bùrú yìí, òfin náà mọ̀ ọ́n. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Nàìjíríà là á yé wa: ọmọ ẹbí tí kì í ṣe olórí ẹbí, tó bá ta ilẹ̀ ẹbí, asán ló tà. Tó bá sì jẹ́ olórí ẹbí ló tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà ìdílé kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ sí i, àwọn tó kù lè mú un lọ sí kóòtù kó di yíyí padà, tí wọn ò bá ti fi falẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí kóòtù Èkó, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole lórí ilé Olóyè Mabinuori, ti gbà pé ọmọbìnrin tó jẹ́ àgbà lè di olórí ẹbí. Ní 1962, nínú ẹjọ́ Dawodu àti Danmole, olóògbé fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, Privy Council nílùú Lọ́ńdọ̀nù sì fìdí ìdí-igi múlẹ̀ pé àṣà Yorùbá ni. Ìyàwó mẹ́rin, ìdí-igi mẹ́rin. Ojúlé ilé náà nìyẹn. Ẹni tí kò bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ̀bùrú ló gbà.

Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó gan-an ò ṣàjèjì sí ẹjọ́ ilẹ̀. Ní 1862, nígbà tí Kòsọ́kọ́ ti Ẹ̀pẹ́ padà sí Èkó, ibẹ̀ ni Òṣòdì Tápà àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún wọn ní ìwé ilẹ̀ lẹ́yìn náà, àmọ́ ìwé ò parí ọ̀rọ̀. Ẹjọ́ Oshodi àti Dakolo dé Privy Council ní 1930. Ní 1947, ìjọba tún ṣe òfin kan tí orúkọ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó wà lórí rẹ̀. Ẹ ka ọdún tó wà láàárín, 85 ni. Ìwé dáa o, ẹ má sọ pé Awo ní kí ẹ má ṣèwé. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwé tí ẹbí ò jọ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó kọ, ẹjọ́ ni yóò bí fún ọmọ-ọmọ.

Ọ̀pá afọ́jú wá ńkọ́? Ìsọ̀ opó yẹn ni. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó lórí onílé àti ayálégbé, ti 2011, ní ẹni tó ń san owó lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ gba ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà kó tó kó jáde, àyàfi tí àdéhùn wọn bá yàtọ̀. Fífi agbára lé ayálégbé láìgba àṣẹ kóòtù, ẹ̀ṣẹ̀ ni, ẹ̀wọ̀n tàbí owó ìtanràn ló ń tẹ̀lé e. Ibi tí obìnrin yìí ti ń bọ́ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n tì pa.

Inú Àlàájà ti ń dùn, ó rò pé àbúrò òun nìkan ni Ifá ń bá wí. Mo wá bi í pé, "Ta ló ń gba owó ìsọ̀ láti ọjọ́ tí bàbá yín ti kú?"

Ó ní, "Èmi ni. Òun ni mo fi ń tún òrùlé ṣe."

"Ẹ ṣírò fún wọn rí?"

Ó dákẹ́. Nígbà tó yá, ó ní àwọn ò tíì jókòó pọ̀ láti ọjọ́ fídáù ogójì bàbá àwọn.

Ẹ rí i báyìí? Ẹ̀bùrú méjì ló wà nínú ilé kan. Ẹ̀gbọ́n gba tirẹ̀ kí àbúrò tó gba tirẹ̀. Bí mo bá di ẹnu lọ́yà, ṣé mo lè di ojú àwọn ọmọ ìyá mẹ́ta tó kù? Mo ní, "Àlàájà, mi ò ní di ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹ lọ la ẹnu tiyín. Ẹ ka owó náà sí wọn létí, ẹ pe ìdí-igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

Inú bí i, ó lọ. Àmọ́ ó ṣe é. Nígbà tó padà wá, ó ní ìbéèrè àkọ́kọ́ tí àbúrò òun bi òun nípàdé ni ti owó ìsọ̀. Ó ṣírò fún wọn, ó sunkún, ọkùnrin náà sì mú ìwé tó buwọ́ lù jáde fún gbogbo wọn láti kà. Wọ́n ti yọ àgádágodo opó. Owó tó gbà ò tíì pé padà, ọ̀rọ̀ ò sì tíì tán. Wọ́n ń gbé e lọ sí Citizens' Mediation Centre, tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní 1999 láti máa là wọ́n níjà lọ́fẹ̀ẹ́. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ibi ìlàjà bọ̀ ṣì lè jọ jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé ẹbí, ẹ má dúró de ọjọ́ tí lọ́yà yóò kọ lẹ́tà. Ẹ pe ara yín jọ lọ́dún, ẹ kọ iye tó wọlé àti iye tó jáde sílẹ̀, kí ìdí-igi kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà ìwé ilé kan lọ. Ẹ rántí pé kóòtù Ìgbósẹ̀rẹ̀ jóná ní 2020, ìwé ń jóná. Ẹ gba ojúlé wọlé.

Kí Ifá má jẹ́ kí á tẹ ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀. Kí àgbà wa gbó, kí ó tọ́. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.