Ojúsàájú ní Ẹnu Ọ̀nà Ọkọ̀



Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ń gbé Mówè, Ìbafò àti Ìfọ̀ ni ó ti bá ọkọ̀ òfurufú rìn láti Ìkẹjà, tàbí tí ó ti sin ọmọ tàbí ẹbí dé ibẹ̀. Ẹ mọ̀ pé kí ọkọ̀ tó gbéra, àwọn òṣìṣẹ́ a máa kéde bí àwọn èrò yóò ti wọlé. Wọn a ní kí àwọn tí kò lè dá rìn ṣíwájú, àti àwọn àgbàlagbà, àti àwọn abiyamọ tí ó gbé ọmọ lọ́wọ́. Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí ó san owó gọbọi fún ìjókòó iwájú, pẹ̀lú àwọn tí ilé iṣẹ́ náà ti fún ní káàdì ẹ̀yẹ nítorí pé wọ́n ń bá a rìn nígbà gbogbo. Lẹ́yìn èyí ni àwọn èrò yòókù, ní ẹsẹẹsẹ.

Ìkéde náà dára létí. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ń kéde tó pa ẹnu dé, gbogbo èrò ti dìde, wọ́n ti fún ara wọn mọ́ ẹnu ọ̀nà. Abiyamọ tí a pè ní àkọ́kọ́ kò rí ibi kọjá. Òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ìwé wò a sì máa gba ti ẹnikẹ́ni tí ọwọ́ rẹ̀ bá kọ́kọ́ nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, òṣìṣẹ́ kan náà a fi ìbínú dá ọ̀dọ́mọkùnrin kan padà pé a kò ì tí ì pè é, a sì yà sí apá kan kí ọ̀gá kan tí a kò pè rárá lè kọjá.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí nìyí: nígbà tí a bá ti kéde pé àwọn kan ni yóò ṣíwájú, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà mú àṣẹ náà ṣẹ lórí àwọn kan, kí ó sì gbójú fò ó fún àwọn mìíràn? Ẹnìkan lè wí pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, nítorí ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn yóò wọ̀, wákàtí kan náà ni wọn yóò sì gúnlẹ̀. Èmi kò rò pé ó kéré.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí àwọn ènìyàn fi ń sáré. Olúkúlùkù ni ó ní nọ́ńbà ìjókòó tirẹ̀ nínú ìwé tí ó mú lọ́wọ́. Ohun tí kò ní nọ́ńbà ni àjà tí a ń kó ẹrù ọwọ́ sí lókè orí. Ẹni tí ó bá tètè wọlé ni yóò rí àyè nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́, a lè gba báàgì rẹ̀ kí a kó o sí abẹ́ ọkọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ bá ta ipò iwájú fún ènìyàn, àyè yìí wà lára ohun tí ó tà. Bí ó bá wá fi ojú fo ètò tirẹ̀, ohun tí ó ti gbowó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnìkan ni ó gbé fún ẹlòmíràn. Bí a bá rí alájàpá tí ó ṣe irú èyí ní ọjà Ìfọ̀, a mọ orúkọ tí a óò pè é.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní Amẹ́ríkà ìwà náà gbilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ iná orí pe àwọn tí ń rọ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí a tó pè wọ́n. Ní ọdún 2024, ilé iṣẹ́ American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kan tí ó máa ń dún nígbà tí ẹni tí a kò ì tí ì pè bá mú ìwé rẹ̀ wá, kí òṣìṣẹ́ lè ní kí ó dúró de àkókò rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ẹ̀rọ yìí ti dé pápákọ̀ òfurufú tí ó lé ní 100. Ẹ̀rọ kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ṣùgbọ́n ní ibi tí ó jẹ́ pé ènìyàn ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà, ojú a máa wo ojú.

Nígbà mìíràn pàápàá, ètò náà a máa tú ara rẹ̀ ká. Bí ọkọ̀ bá dúró jìnnà, bọ́ọ̀sì ni a fi ń kó èrò lọ bá a. Ẹni tí a fi ṣíwájú a wọ bọ́ọ̀sì lọ sí inú lọ́hùn-ún. Ẹni tí ó wọ̀ ọ́ kẹ́yìn a dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, òun ni yóò sì kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni iwájú ti di ẹni ẹ̀yìn, kì í ṣe nípa ìrẹ̀lẹ̀, bí kò ṣe nítorí pé ẹni tí ó ṣe ètò náà kò rò ó dé òpin.

Ǹjẹ́ kí a wá pa gbogbo ìṣíwájú rẹ́, kí olúkúlùkù máa wọlé bí ó ti dé? Rárá o. Àwa Yorùbá mọ̀ pé ìka kò dọ́gba. A kì í jókòó kí àgbà wà ní ìdúró. Àwọn ará Ìfọ̀ ní pàtàkì kò ní kí a kọ́ wọn ní èyí, nítorí pé ìlú wọn ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kọjá láti ìgbà tí ọ̀nà rẹ̀ ti kúrò ní Èkó tí ó sì dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, ibẹ̀ náà sì ni ẹ̀ka tí ó lọ sí Ìdógò ti yà. Ó pẹ́ tí a ti mọ̀ pé tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú irin ní kíláàsì. Ọkọ̀ tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàrin Èkó àti Ìbàdàn ní ọdún 2021, tí ó ní ibùdó ní Kájọlà àti Papalantó, ní oríṣi ìjókòó mẹ́ta, olúkúlùkù pẹ̀lú iye tirẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè bínú lọ́nà ẹ̀tọ́ pé ẹni tí ó san ju òun lọ jókòó sí ibi tí ó tura ju tòun lọ.

Ohun mẹ́ta ni ó lè mú kí a fi ènìyàn ṣíwájú láìsí ẹ̀bi. Èkíní ni àìní: aláìsàn, arọ, aboyún. Òfin Amẹ́ríkà tilẹ̀ fi dandan mú àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú pé kí wọ́n jẹ́ kí aláàbọ̀ ara tí ó bá sọ ní ẹnu ọ̀nà pé òun ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ tàbí àkókò síi wọlé ṣáájú. Èkejì ni àdéhùn: ẹni tí ó san owó, tí a sì ṣèlérí fún. Ẹ̀kẹta ni ọ̀wọ̀: àgbà, àti ẹni tí ó ti sìn fún ìlú. Àìní ni ó ga jùlọ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí pé ẹni tí ó sanwó lè dúró díẹ̀ kí nǹkan má ṣe é, ṣùgbọ́n kì í rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ẹsẹ̀ kò gbé.

Tómásì Mímọ́ ará Aquino, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, gbé ọ̀rọ̀ ojúsàájú yẹ̀ wò nínú ìwé ńlá rẹ̀, Summa Theologiae. Ó kọ́ wa pé ojúsàájú lòdì sí òdodo tí ń pín nǹkan fún olúkúlùkù bí ó ti tọ́ sí i. Bí a bá fi ẹnìkan ṣe olùkọ́ nítorí pé ó ní ìmọ̀, ìdí tí ó yẹ ni a wò. Bí a bá fi í ṣe olùkọ́ nítorí pé ó lówó tàbí pé ẹbí wa ni, ojú rẹ̀ ni a wò. Ó sì fi kún un pé ìdí tí ó yẹ fún ohun kan lè má yẹ fún òmíràn: ìbátan tó láti mú kí ọmọ jogún ilé baba rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó láti mú kí a fún un ní oyè nínú Ìjọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni a lè wí pé oyè ènìyàn tó láti mú kí a dọ̀bálẹ̀ kí i, ṣùgbọ́n kò tó láti mú kí a gba àyè tí ó jẹ́ ti ẹlòmíràn fún un.

Láti inú ẹ̀kọ́ yìí ni mo ti rí òṣùwọ̀n kan tí gbogbo wa lè lò: ìdí tí ó bá tọ́, a lè sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìlà gbọ́. "Ẹ jẹ́ kí ìyá yìí kọjá, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n." Kò sí ẹni tí yóò kùn. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró kí ó kéde pé, "Ẹ jẹ́ kí arákùnrin yìí kọjá, ó fi nǹkan sí mi lọ́wọ́," tàbí, "Mo ń bẹ̀rù ọ̀gá yìí"? Irú ìdí bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú ni a fi ń sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi òṣùwọ̀n náà wọn ọ̀rọ̀ kan tí ó le. Ní oṣù kejì ọdún 2022, Émírì Kánò, Aminu Ado Bayero, ń bọ̀ láti Banjul ní Gáḿbíà, wọ́n sì ní láti wọ ọkọ̀ Air Peace mìíràn ní Èkó lọ sí Kánò. Ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ gbé wọn pẹ́. A bẹ ilé iṣẹ́ náà kí ó dá ọkọ̀ kejì dúró, ó sì kọ̀ nítorí àwọn èrò tí ó ti wà nínú rẹ̀. Ẹbí ọba kọ ìwé ẹ̀sùn sí àjọ tí ń ṣàkóso ọkọ̀ òfurufú pé a tàbùkù ọba. Bí a bá ní kí ọkọ̀ dúró nítorí pé ọba ni, èrò inú ọkọ̀ lè béèrè ohun tí oyè ọba fi kan àkókò tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí ó dúró nítorí pé ọkọ̀ ilé iṣẹ́ kan náà ni ó pẹ́, ìdí yẹn ṣeé sọ sókè. Kìkì pé kò ní jẹ́ ti ọba nìkan mọ́: alájàpá tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ kan náà, tí ó sì ń lọ sí Kánò, ní ẹ̀tọ́ sí i bákan náà.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, a tún rí òmíràn. Ní ọjọ́ 5, Wasiu Ayinde, olórin Fújì tí a mọ̀ sí KWAM 1, dúró níwájú ọkọ̀ ValueJet ní Àbújá lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí ohun olómi tí ó mú lọ́wọ́; a fi òfin de wíwọ ọkọ̀ òfurufú rẹ̀. Ní ọjọ́ 10, ọ̀dọ́bìnrin kan bá òṣìṣẹ́ Ibom Air jà ní Èkó lẹ́yìn àríyànjiyàn lórí fóònù. Ní ọjọ́ kejì a ti mú un dé ilé ẹjọ́, a sì fi í sí ẹ̀wọ̀n Kírikírì. Èmi kò wí pé ẹ̀ṣẹ̀ méjèèjì dọ́gba. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ni ó béèrè pé èéṣe tí ọ̀kan fi wà ní ilé rẹ̀ tí èkejì sì wà ní àtìmọ́lé. Ní ọjọ́ 13, Mínísítà Festus Keyamo kéde pé a óò fa ẹ̀sùn obìnrin náà padà, àti pé a dín ìjìyà olórin náà kù sí oṣù kan. Ẹ kíyèsí i pé ohun tí ó dun àwọn ènìyàn kì í ṣe pé òfin le. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé ó dàbí ẹni pé ó le fún ẹnìkan ju ẹnìkejì lọ.

Ibí yìí ni ìpalára ńlá wà. Nígbà tí a bá ń mú àṣẹ ṣẹ lónìí tí a kò sì mú un ṣẹ lọ́la, ẹni tí a ń jẹ níyà jùlọ ni ẹni tí ó gbọ́ràn. Ó gbọ́ ìkéde, ó jókòó. Ẹni tí kò gbọ́ràn kọjá lórí rẹ̀. Nígbà tí ó bá ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun náà yóò dìde. Kì í ṣe pé ó ti di ènìyàn burúkú. A ti kọ́ ọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ń dúró de àkókò rẹ̀. Ẹ wo ibùdókọ̀ Mówè tàbí Ìbafò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo ayé ń wá ọkọ̀ lọ sí Berger. Níbi tí kò bá sí ìlà, alágbára ni ó ń wọlé. Níbi tí ìlà bá wà tí a sì ń tẹ̀ ẹ́, ojúlùmọ̀ kọ̀ńdọ́ ni ó ń wọlé. Nínú méjèèjì, aboyún ni ó ń kù sílẹ̀.

Ẹnìkan yóò béèrè pé, "Fadá, ṣé kí òṣìṣẹ́ má lè ṣàánú mọ́?" Kí ó ṣàánú! Àánú àti ojúsàájú kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Àìní ni àánú ń wò, kò sì bìkítà ẹni tí ó ni ín. Ènìyàn ni ojúsàájú ń wò, kò sì bìkítà bóyá ó ní àìní. Àánú a máa bẹ ìlà kí ó tó kọjá. Ojúsàájú a máa gba ẹ̀yìn ilé wọlé.

Díẹ̀ nínú wa ni ó ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfurufú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wa ni ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan: nọ́ọ̀sì tí ń pe aláìsàn, akọ̀wé tí fáìlì wà ní ọwọ́ rẹ̀, olùkọ́ tí ń gba ọmọ wọlé, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀, àti ẹni tí ń fi àwọn ènìyàn jókòó nínú ilé ìjọsìn yìí. Kí ẹ tó ṣí ọ̀nà fún ẹni tí kò kàn, ẹ bi ara yín léèrè bí ẹ bá lè sọ ìdí rẹ̀ sókè. Ẹ̀yin tí a mọ̀ ní ìlú, tí a máa ń pè láti ẹ̀yìn wá sí iwájú, ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ kan láti ṣe. Nígbà tí a bá pè yín tí kò sì sí ìdí tí ó tọ́, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì dúró sí àyè yín. Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó bá rí ọ̀gá tí ó kọ̀ láti kọjá yóò ní ìgboyà láti dá ọ̀gá mìíràn dúró ní ọjọ́ kejì.

Kí Ọlọ́run kí ó fún wa ní ojú tí ń rí àìní ọmọnìkejì wa. Àmín.