Ìtànná Kì Í Dúró De Ẹnìkan

Ẹ kà: Aísáyà 40:6–8, Éfésù 5:15–16.



Ní ilẹ̀ Jàpáánì igi kan wà tí à ń pè ní sakura. Nítorí ìtànná rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbìn ín káàkiri ìlú, kì í ṣe nítorí èso. Ní Tokyo, ní ìparí oṣù kẹta, òdòdó a bo gbogbo ẹ̀ka rẹ̀ kí ewé tó yọ. Kò sì ní pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí afẹ́fẹ́ àti òjò yóò fi gbọ̀n wọ́n dànù.

Nítorí náà àwọn ará ibẹ̀ kì í jáfara. Ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń ṣọ́ ojú ọjọ́ ti yan igi kan ní Tokyo. Bí òdòdó márùn-ún tàbí mẹ́fà bá là lórí rẹ̀, wọn a kéde pé àkókò dé. Nígbà náà ni bàbá, ìyá, ọmọ àti ìyá àgbà yóò di oúnjẹ, wọn a tẹ́ ẹní sábẹ́ igi ní ọgbà Ueno, wọn a sì jùmọ̀ jẹun. Hanami ni wọ́n ń pe àṣà yìí.

Ní Kyoto, a rí àkọsílẹ̀ ọjọ́ ìtànná yìí láti ọdún 812. Òdòdó ń padà wá lọ́dọọdún; ṣùgbọ́n níbo ni àwọn tí ó kọ́kọ́ kọ ọ́ sílẹ̀ wà? Igi yóò tún tanná ní ọdún tí ń bọ̀; kì í ṣe gbogbo àwọn tí ó jókòó lábẹ́ rẹ̀ ni yóò padà.

Ohun tí wòlíì Aísáyà rí nìyí, nígbà tí ó fi ènìyàn wé òdòdó pápá. Àwa ńkọ́? A mọ̀ pé ìyá wa ń darúgbó, síbẹ̀ a ń wí pé, “Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, n ó lọ kí i.” Olùkọ́ tí ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ láti Ajé dé Ẹtì, ìgbà wo ni ó jókòó ti ọmọ tirẹ̀ kẹ́yìn? Lọ́jọ́ ìsìnkú ni a ó wá náwó, tí a ó pe gbogbo ìlú jọ. Ṣùgbọ́n òkú kò lè bá wa jẹun.

Pọ́ọ̀lù mímọ́ gba ìjọ Éfésù níyànjú kí wọ́n má ṣe fi ìgbà ṣòfò. Ẹ jẹ́ kí a dìde lọ nísinsìnyí, nígbà tí ojú ṣì ń rí ojú. Kí Olúwa, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan kì í rọ, fún wa ní ọkàn ọgbọ́n. Àmín.